Àpótí ọ́fíìsì tó di kọ̀ǹpútà géèmù ní Ọ̀nà Ẹdẹ, Ilé-Ifẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kan tó ń gbé ní Ọ̀nà Ẹdẹ ní ₦400,000 lọ́wọ́. Géèmù méjì ló wù ú: FC 25 àti GTA V. Tẹlifíṣọ̀n 32 ínṣì wà nínú yàrá rẹ̀, ó sì ní ojú HDMI méjì. Láàpútọ́ọ̀pù kan tó ti kú wà lábẹ́ ibùsùn, ṣùgbọ́n háádì-dísíìkì 500GB inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Iná NEPA (IBEDC ló wà lórí ìwé owó, NEPA ló wà lẹ́nu wa) ń wá, ó ń lọ. Bó bá sì wá lálẹ́, ó máa ń rẹ̀ dòò. Ọmọ náà kò tíì tú kọ̀ǹpútà kankan wò rí.

Ìmọ̀ràn méjì ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Àwọn kan ní kí ó ra láàpútọ́ọ̀pù géèmù tòkunbọ̀. Èyí tí irú owó yìí lè rà ti ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún nínú ooru: bátìrì rẹ̀ ti rọ, fáànù rẹ̀ ń ké, bí káàdì àwòrán rẹ̀ (ohun tó ń ya àwòrán géèmù sójú) bá sì kú, ara mọ́dàbọ́ọ̀dù, pákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ jókòó lé, ni wọ́n jó o mọ́, kò ṣeé yọ pààrọ̀. Àwọn kejì ní kí ó to tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó gbé e lé Ryzen 5 5600G, ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ. Fún ẹni tí owó rẹ̀ bá tó ìlọ́po méjì èyí, ìmọ̀ràn gidi ni. Kọ́ọ̀ (ọwọ́ ìṣirò) mẹ́fà ló wà nínú ṣíìpù yẹn, ó sì gbé àwòrán tirẹ̀ dání, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ láìní káàdì. Àmọ́ àwòrán ọ̀hún kò ní mẹ́mórì tirẹ̀, inú RAM, mẹ́mórì gbogbo ẹ̀rọ, ló ti ń yá lò. Ẹni tó bá fi RAM ẹyọ kan sí i ti sé e léèémí, méjì ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Fi mọ́dàbọ́ọ̀dù kún un, fi páwà (ohun tó ń pín iná fún ẹ̀rọ) kún un, fi SSD (dísíìkì tó yára) àti àpótí kún un: ọjà tí yóò ná kí iná tó tàn lójú ẹ̀rọ ti pọ̀ ju owó ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá parí sí ni àpótí ọ́fíìsì tòkunbọ̀, irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń kó jáde nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀rọ wọn. HP EliteDesk 800 G4 SFF (ìyẹn àpótí tó kéré) ló mú, tí Core i5-8500, ṣíìpù ìran kẹjọ Intel, wà nínú rẹ̀: kọ́ọ̀ mẹ́fà, RAM DDR4, ojú ihò M.2 fún SSD. Ìdí tí kò fi sọ̀kalẹ̀ sí èyí tí owó rẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ìran kẹjọ Intel ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọlé, Microsoft sì ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Ẹni tó bá ra ìran kẹrin lónìí torí pé ó pọ̀ lọ́jà, ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ló rà.

Kí ó tó kúrò nílé, ó fi iye tí kò ní kọjá sí ìdí ọjà kọ̀ọ̀kan. Àpótí, kò gbọdọ̀ ju ₦190,000 lọ. Káàdì àwòrán, ₦120,000. RAM 8GB kan sí i, ₦25,000. Ohun tí yóò dúró láàárín iná àti ẹ̀rọ, ₦35,000. Kíbọọ̀dù àti máòsì, ₦10,000. Wébíìlì àti pálapàla, ₦10,000. Ó ku ₦10,000 tí kò ní orúkọ, kí ó má sì ní orúkọ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Iye ọjà ń bá dọ́là rìn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má há iye yìí sórí. Ìpín ni kí ó wò. Àpótí àti káàdì nìkan ló kó bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó náà. Bí èyí tó kù bá ti kéré ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, RAM tàbí ọ̀rọ̀ iná ni ìyà rẹ̀ máa jẹ.

Nípa wáàtì

Páwà inú àpótí yẹn jẹ́ 250 wáàtì. Ara bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn la ti kà á, a kò bi ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe páwà gbogbogbòò: ẹnu wáyà rẹ̀ yàtọ̀, bó ṣe rí yàtọ̀, èyí tó wà lórí tábìlì oníkọ̀ǹpútà ní Lágere kò lè wọ ibẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé 250 yẹn ni gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà ní láyé. i5-8500 ń jẹ 65. Mọ́dàbọ́ọ̀dù, RAM, dísíìkì àti fáànù, kí a fún wọn ní 30. Ojú ihò PCIe, ibi tí káàdì àwòrán ń wọ̀, lè fún káàdì ní 75 láìsí wáyà kankan láti ibòmíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 170. Àyè ṣì wà fún ìgbà tí ṣíìpù bá ta kìjí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nítorí náà káàdì tó bá gbà ju 75 wáàtì lọ, tàbí tó bá ní ihò wáyà lórí, kì í ṣe tirẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Àpótí SFF tún kéré ní gíga. Káàdì kúkúrú, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní low profile, nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Wáàtì àti gíga, ìbéèrè méjì yìí ti yọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn káàdì tó wà lójú ọjà kúrò kí a tó sọ̀rọ̀ owó rárá, àǹfààní ńlá sì ni fún ẹni tí kò mọ ọjà.

Ríra àpótí náà

Ohun tí a máa ń ṣe níwájú ẹni tó ń tà á nìyí, kí owó tó kúrò lápò. Tan ẹ̀rọ, tẹ F10 léraléra kí Windows tó wọlé. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, tí olùtà kò sì mọ̀ ọ́n, fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló tì í, ìwọ kò sì ní lè yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀. Bó bá ṣí, ka orúkọ ṣíìpù àti iye RAM níbẹ̀. Sítíkà tó wà níwájú àpótí kì í ṣe ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni lè lẹ sítíkà. Wo ọjọ́ àti aago: bó bá ti padà sẹ́yìn, bátìrì CR2032 inú mọ́dàbọ́ọ̀dù ti kú. Èyí kì í ṣe àléébù, owó tíńtín ló jẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé fi ná ọjà wálẹ̀. Tẹ F2 nígbà títàn, àyẹ̀wò HP fúnra rẹ̀ máa jáde. Jẹ́ kí ó yẹ RAM àti dísíìkì wò. Ki fíláàṣì bọ gbogbo ojú USB lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o fi ojú ara rẹ rí páwà àti iye RAM tó wà níbẹ̀.

Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ náà rà ní RAM 8GB ẹyọ kan àti SSD 256GB. Ìdérí rẹ̀ ṣí, eruku inú rẹ̀ tó ohun tí a lè fi gbin ẹ̀fọ́. Ó rí i, kò kà á sí. Ọ̀rọ̀ eruku yìí ṣì ń bọ̀.

Káàdì mẹ́ta

Káàdì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún un ní ilé ìtajà kan ní ìlú, páálí rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní GTX 1050 Ti, owó rẹ̀ sì kéré dé ibi tó yẹ kí ara fu èèyàn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ẹ̀yìn rẹ̀.”

“Àbúrò, ẹrù òyìnbó ni o. Kò sí ìkejì rẹ̀ ní Ifẹ̀.”

Ojú VGA aláwọ̀ búlúù (ihò wáyà àwòrán àtijọ́) wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Láti ìran Pascal, tí GTX 1050 Ti ti jáde ní 2016, ni Nvidia, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é, ti yọ VGA kúrò nínú ṣíìpù àwòrán rẹ̀. Káàdì tó bá pe ara rẹ̀ ní 1050 Ti tó sì ní VGA, àgbà káàdì ni, irú GTS 450 ti 2010 tàbí GTX 550 Ti ti 2011, tí wọ́n yí BIOS rẹ̀ (ètò tó wà nínú káàdì fúnra rẹ̀) padà kí ó máa fi orúkọ ẹlòmíràn jẹ́ ìpè. Windows á gbà á gbọ́. Bí a bá ṣí GPU-Z, ètò tó ń ka ohun tí káàdì jẹ́ gan-an, òun kò ní gbà á gbọ́. Á kọ FAKE sí iwájú orúkọ rẹ̀. “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, màá padà wá,” lọmọ náà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Èkejì jẹ́ RX 580, káàdì tó lágbára ju gbogbo ohun tí a ń sọ yìí lọ, tó sì dínwó nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ti fi tọ̀sántòru wa owó kírípítò rí. 185 wáàtì ló ń jẹ, ó sì ní ihò wáyà onípín mẹ́jọ. Olùtà ní kò burú, pé wáyà kékeré kan wà tó máa ń fa iná láti ẹnu SATA (èyí tí dísíìkì fi ń gba iná) lọ sí orí káàdì. Wáyà yẹn wà lóòótọ́. Ohun tó ń jóná nìyẹn. Pínnì mẹ́ta ló ń gbé fólítì 12 nínú ẹnu SATA, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò gbọdọ̀ kọjá ámúpíà kan àtààbọ̀. Mẹ́ta lọ́nà kan àtààbọ̀ jẹ́ mẹ́rin àtààbọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12, wáàtì 54 ni. Káàdì á bi í ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, rọ́bà ẹnu wáyà á rọ̀, á dúdú, òórùn rẹ̀ á sì kún yàrá. Ká tiẹ̀ ní kò jó, páwà 250 kò lè gbé e.

Ìkẹta ni GTX 1650 kúkúrú, 75 wáàtì, 4GB, tí kò ní ihò wáyà kankan lórí. Ìdí tí a fi yàn án ju 1050 Ti gidi lọ, yàtọ̀ sí pé ó yára jù ú, ni pé Nvidia ti dá àtúnṣe tó ń bá géèmù tuntun rìn dúró fún Pascal ní oṣù kẹwàá 2025. Ìran Turing tí 1650 wà nínú rẹ̀ ṣì ń gbà á. FC 25 fúnra rẹ̀ fi 1050 Ti 4GB ṣe òǹkà tó kéré jù, a sì mọ̀ pé ohun tó bá wà ní òǹkà tó kéré jù lónìí, ẹnu ọ̀nà ló wà. Kò sí 1650 kúkúrú ní Ifẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Computer Village ní Ìkẹjà ni wọ́n ti rí i, ó sì fi wébíìlì wọ ọkọ̀ dé gáréèjì.

Kí owó tó lọ, olùtà Ìkẹjà fi fídíò ránṣẹ́: káàdì ń yí, GPU-Z ṣí lójú ẹ̀rọ, orúkọ àti 896 kọ́ọ̀ hàn ketekete. Ọmọ náà tún ní kí olùtà ya àwòrán irin kúkúrú tó ń de káàdì mọ́ ẹ̀yìn àpótí. Irin gígùn àti irin kúkúrú ló máa ń bá irú káàdì yìí wá láti ilé-iṣẹ́. Tòkunbọ̀ sábà máa ń sọ ọ̀kan nù. Ẹni tó bá gba káàdì kúkúrú pẹ̀lú irin gígùn kò ní lè ti àpótí rẹ̀ pa, àlàpà lásán ló rà.

Títò ó

Orí tábìlì onígi ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Yọ wáyà iná, tẹ bọ́tìnnì títàn lẹ́ẹ̀kan kí iná tó ṣẹ́kù lè jáde, fọwọ́ kan irin àpótí kí iná ara rẹ lè bá a lọ. Dá àpótí délẹ̀, ṣí ìdérí. Irin tó di dísíìkì mú ń gbé sókè bí ilẹ̀kùn. Yọ irin pẹlẹbẹ méjì lẹ́yìn, torí pé káàdì yìí gba àyè ihò méjì. Ti káàdì bọ ojú ihò PCIe gígùn títí ìkọ́ kékeré tó wà ní ìdí ihò yóò fi dún kọ̀. Bí kò bá dún, kò wọlé. Yọ rọ́bà tó bo ojú HDMI. Háádì-dísíìkì láàpútọ́ọ̀pù wọ àyè rẹ̀, wáyà SATA pẹlẹbẹ lọ sí mọ́dàbọ́ọ̀dù, iná rẹ̀ náà sì ti ara mọ́dàbọ́ọ̀dù wá nínú HP. Kò tó ogún ìṣẹ́jú.

RAM ni wọ́n fi kẹ́yìn. Ó wọ ihò, ó dún níhà méjèèjì, ó jókòó dáadáa. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí, tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn, iná iwájú àpótí ń ṣẹ́jú: pupa lẹ́ẹ̀mẹta, funfun lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ìró tó ń bá a lọ.

Kí á kà á ni HP fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Pupa mẹ́ta túmọ̀ sí pé ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ló ní ìṣòro, kì í ṣe ètò. Funfun méjì tó tẹ̀ lé e nawọ́ sí mẹ́mórì. Àwọn tó wà nínú yàrá ti ń dá káàdì lẹ́bi, wọ́n fẹ́ tú u. Yíyọ RAM tuntun náà ló tán an: iná funfun dúró ṣinṣin, àwòrán jáde.

RAM náà kò bàjẹ́. Ti sáfà ni. Kọ̀ǹpútà ńlá tí ilé-iṣẹ́ fi ń pín iṣẹ́ ń lo DDR4 tó ní ṣíìpù alárinà lórí. Gígùn rẹ̀, iye eyín rẹ̀ àti gẹ̀gẹ̀ àárín rẹ̀ bá ti kọ̀ǹpútà tábìlì mu, nítorí náà ó ń wọ ihò láìjà, ẹ̀rọ kò sì ní gbà á. Ó pọ̀ lọ́jà, ó sì dínwó, torí pé ẹni tó lè lò ó kò pọ̀. Ara bébà rẹ̀ ló ń sọ ẹni tó jẹ́. Lẹ́yìn PC4 àti òǹkà, wá lẹ́tà tó tẹ̀ lé dáàṣì (-) kejì: èyí tí wọ́n rà kọ PC4-2400T-RC1. R ni ti sáfà. Kọ̀ǹpútà tábìlì ń fẹ́ U, bíi PC4-2666V-UA2. S sì ni ti láàpútọ́ọ̀pù, ìyẹn kúkúrú, kò lè ṣi èèyàn lọ́nà. Ọmọ náà mú un padà, ó fi lẹ́tà náà han olùtà, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láìsí ariwo, ó fi ₦3,000 lé e. Lẹ́yìn tí U wọlé, ètò CPU-Z fi hàn lábẹ́ Memory pé ọ̀nà méjì ni RAM ń gbà ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni kí á máa wò, kì í ṣe àwọ̀ ihò.

Windows tó bá ẹ̀rọ wá, wọ́n nù ún kúrò. Èèyàn kò mọ ẹni tó fi í síbẹ̀ àti ohun tó pa nínú rẹ̀ kí ó lè fi í síbẹ̀. Fíláàṣì 8GB, ètò Media Creation Tool láti ọ̀dọ̀ Microsoft, Windows 11 Pro. Àpótí ilé-iṣẹ́ bí èyí sábà máa ń ní àṣẹ Windows rẹ̀ nínú mọ́dàbọ́ọ̀dù. Bí a bá fi irú Windows kan náà padà, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà, òun fúnra rẹ̀ á fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà dírífà Nvidia (ètò tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀) láti ojú ìwé Nvidia nìkan. Géèmù fúnra wọn ni wàhálà dátà: FC 25 ń béèrè 100GB. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní àwọn géèmù náà lórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti 2023, Steam lè kó géèmù láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn nínú Wi-Fi ilé kan náà láìna dátà, bí oníkálukú bá ti ní géèmù náà lórúkọ tirẹ̀. Wáyà láàárín méjèèjì yá ju Wi-Fi fóònù lọ fíìfíì. FC wọ SSD, GTA V wọ háádì-dísíìkì àtijọ́. Ó ń pẹ́ kí ó tó ṣí, bó bá ti ṣí, kò sí ìjà.

Tẹlifíṣọ̀n gé etí àwòrán, ọwọ́ sì ń pẹ́ dé orí bọ́ọ̀lù. Ààtò tẹlifíṣọ̀n ló tún èyí ṣe, kì í ṣe kọ̀ǹpútà: wá ibi tí àwòrán ti ń jẹ́ ìwọ̀n ara rẹ̀, kí o sì tan Game Mode. Nínú géèmù, dá a dúró sí àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún kò lè fi ju bẹ́ẹ̀ hàn, gbogbo èyí tó bá lé ní 60, ooru àti iná lásán ni.

Ooru

Fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún FC ń ṣàn bí omi. Lẹ́yìn rẹ̀ ó ń ta gìrì. Ètò HWiNFO fi hàn pé ṣíìpù wà ní 96°C. Ní 100 ni i5-8500 ti máa ń gé ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kí ó má baà jóná, ó sì ti ń súnmọ́ ibẹ̀. Eruku tí a rí lọ́jọ́ ríra nìyẹn, pẹ̀lú thermal paste (lẹ̀ẹ́ tó ń gbé ooru ṣíìpù lọ sára irin ìtutù) tó ti gbẹ bí ẹ̀kọ àná láti ọdún tí wọ́n ti ṣe é.

Jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ó gbóná kí o tó pa á, kí lẹ̀ẹ́ àtijọ́ lè rọ̀. Yọ wáyà. Síkúrúù mẹ́rin ló di irin ìtutù mú. Tú wọn ní ìkọ̀rọ̀ sí ìkọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀. Fi búrọ́ọ̀ṣì àti afẹ́fẹ́ lé eruku jáde, kí ìka rẹ sì di abẹ́ fáànù mú kí ó má yí. Nu ojú ṣíìpù pẹ̀lú isopropyl alcohol àti bébà tí kì í tú. Ògógóró kọ́ o. Omi wà nínú rẹ̀. Fi thermal paste tuntun bí ẹ̀wà kékeré kan sí àárín, dá irin padà, kí o de síkúrúù ní ìkọ̀rọ̀ sí ìkọ̀rọ̀. Ó bọ́ sí 74°C nínú géèmù kan náà. Láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò àkọ́kọ́, oṣooṣù ni kí á máa ṣí i nu ní ilẹ̀ pupa bíi tiwa, kí àpótí má sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹni tó ń pa iná

Èyí ló gba ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́, kọ̀ǹpútà á kú pii láàárín eré. Kò ní kọ ohunkóhun, kò ní yọ ojú búlúù. Tẹlifíṣọ̀n kò kú. Ojúmọ́ mọ́, ó ṣiṣẹ́ títí ọ̀sán láìsí nǹkan kan. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ní páwà 250 kò gbé káàdì, pé a ti sọ fún un tẹ́lẹ̀.

Ìṣirò kò gbè wọ́n. Bí wáàtì bá ni, ì bá kú lọ́sàn-án pẹ̀lú, torí géèmù kan náà ni. Nínú Event Viewer (ìwé àkọsílẹ̀ Windows), lábẹ́ System, Kernel-Power 41 ló wà fún gbogbo ìgbà tó kú, òǹkà BugcheckCode rẹ̀ sì jẹ́ 0. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Windows kò ṣàìsàn. Iná ló já mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n fi mítà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ní aago mẹ́jọ alẹ́: 158 fólítì. Ẹjọ́ bá di ti NEPA.

Síbẹ̀, ẹ tún ka bébà ara páwà: 100–240 fólítì. 158 kò lè pa á. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni stabilizer tuntun tí ₦35,000 ìyẹn rà. Irú rẹ̀ ń gbé iná sókè, ṣùgbọ́n ó ní ìsàlẹ̀ tí kò lè kọjá. Bí iná bá rẹ̀ ju ibẹ̀ lọ, á gé ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kí ó ṣe fún fíríìjì. Ní aago yẹn sì ni àwọn ará ilé ń se omi. Kẹ́tù iná kan ń fa bí 2,000 wáàtì. Bí ó bá wọlé sórí iná tó ti wà ní 158, mítà ń fi 139 hàn, stabilizer á dún kàkà, kọ̀ǹpútà á kú. Tẹlifíṣọ̀n wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tààrà, ìdí nìyẹn tí kò fi kú. Ẹ̀rí tó kẹ́yìn: wọ́n fi kọ̀ǹpútà sí ògiri tààrà fún wákàtí méjì lálẹ́ ọjọ́ kan, pẹ̀lú kẹ́tù. Kò kú.

Kò yẹ kí ó wà ní ògiri tààrà títí láé o. Bí wáyà neutral bá já lórí òpó, iná tó lè wọlé máa ń lé ní 300 fólítì, kò sì sí páwà tí yóò gbà á. Wọ́n dá stabilizer padà, wọ́n fi owó tí kò lórúkọ kún un, wọ́n gba UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá já) 650VA onítúnṣe iná, 360 wáàtì, tí bébà rẹ̀ kọ 140 sí 300 fólítì. UPS tí ìsàlẹ̀ tirẹ̀ bá jẹ́ 162 kò ní wúlò nínú ilé yìí. Orí bátìrì ni yóò máa wà láti aago méje, bátìrì á sì tán kí ìdajì eré tó pé. Nígbà tí iná bá lọ sí 139, ó ń bọ́ sórí bátìrì fún bí ìṣẹ́jú díẹ̀ tí omi fi ń hó, ó sì ń padà.

Ní ilé ìtajà, wọ́n gbé àpótí náà lọ, wọ́n tan géèmù, wọ́n fa wáyà UPS yọ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Iná tí UPS kékeré ń ṣe kì í yí bíi ti NEPA, páwà mìíràn sì máa ń kú ní ìṣẹ́jú tí ó bá yí sórí bátìrì. Ẹni tí kò bá fa á yọ níbẹ̀, ilé ni yóò ti mọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré alépo-pẹ̀lú-ẹ́ńjìn-ọ́ìlì, ẹ má fi géèmù dán an wò: iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹrù bá yí padà, UPS kì í fẹ́ gbà á, bátìrì á sì máa jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo. Ẹni tí onílé rẹ̀ bá ní inverter ló lè máa ṣírò. Bátìrì 12 fólítì, 200Ah, jẹ́ 2,400 wáàtì-wákàtí lórí bébà; èyí tó jẹ́ olómi, ìdajì rẹ̀ ni kí á lò, ìyẹn 1,200; inverter fúnra rẹ̀ á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á pè é ní 1,000. Kọ̀ǹpútà yìí pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n ń fa bí 200 nínú eré. Wákàtí márùn-ún, bí kò bá sí ẹlòmíràn lórí rẹ̀.

FC 25 wà ní 60 lórí 1080p pẹ̀lú àwòrán àárín, GTA V wà ní 60 pẹ̀lú èyí tó ga díẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń tọ́jú owó fún báyìí ni SSD M.2 500GB, kí háádì-dísíìkì àtijọ́ lè sinmi. Ojú ihò kejì wà níbẹ̀, ó ṣófo. Síkúrúù kékeré tó máa dè é mọ́lẹ̀ ti sọnù kí àpótí tó dé Nàìjíríà. M2 ni ìwọ̀n rẹ̀, àwọn tó ń tú láàpútọ́ọ̀pù sì máa ń ní i nínú ike lórí tábìlì wọn.